Bàbá Ọlọ́gbà Tó Kọ́ Mi Níṣẹ́ Òdòdó

Bí ẹnìkan bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo fi gbogbo agbára mi ṣe, tí mo bá dáhùn pé òdòdó ni mo gbìn, ẹ̀rín ni olúwarẹ̀ máa ń kọ́kọ́ rín. N kì í bínú. Bàbá tó bí mi lọ́mọ kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, ńṣe ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Àgbẹ̀ oníṣu ni, kò mọ eré kankan ju ebè kíkọ lọ. Ó ní, "Oyèníran, ohun tí ènìyàn kò lè sè, tí kò lè sun, tí kò lè gbé lọ sọ́jà, ṣé ohun tí o fẹ́ máa fi ọwọ́ gbìn nìyẹn?" N kò rí èsì fún un. Nígbà tí mo fi máa rí i, bàbá mi ti re ibi àgbà ń rè.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ óò ṣe láyé, tí ẹ ń wo ọ̀tún, tí ẹ ń wo òsì, ẹ̀yin ni mo jókòó kọ eléyìí fún. N kò ní kí ẹ wá gbin òdòdó o. Ẹ ṣáà gbọ́ bí iṣẹ́ kan ṣe ń di ayé ènìyàn.

Kété lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni ìjọba ń gba òṣìṣẹ́ sí ilé-ìwé kan lẹ́yìn ìlú Ṣakí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́bìnrin níṣẹ́ tíṣà. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Ti owó, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ọkùnrin tí wọ́n fà mí lé lọ́wọ́.

Súlèmánù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìsẹ́yìn, mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Ó ga, ó gbẹ, àpá ẹ̀gún kún apá rẹ̀ méjèèjì. Ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó ní Ìbàdàn ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti gbé òdòdó róòsì àkọ́kọ́ wá sí Ṣakí. Ó gbé e lé itan nínú lọ́rì láti Ìbàdàn, kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí tó fi délé. "Bàbá Ọlọ́gbà" ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọmọ la fi ń pe àgbà: Bàbá Ràfíù, Ìyá Fóláṣadé. Òun àti Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ti jọ wà tipẹ́tipẹ́, ọmọ kò dé, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fi iṣẹ́ pè é. Bí wọ́n bá ké sí Bàbá Ràfíù ọ̀rẹ́ rẹ̀ níwájú rẹ̀, mo máa ń rí bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà. Òdòdó mú un lọ́kàn gan-an, ṣùgbọ́n ohun tó ń wá láyé ju gbogbo rẹ̀ lọ ni ẹni tí yóò máa pè é ní bàbá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ti débẹ̀ kí oòrùn tó yọ. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: agbo ilé tí wọn kò bá gbá láàárọ̀, agbo ilé ọ̀lẹ ni. Mo mú ìgbálẹ̀, mo gbá gbogbo ewé gbígbẹ tó wà nídìí àwọn òdòdó, mo gbá a títí ilẹ̀ fi ń dán. Mo wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ń retí ìyìn. Bàbá Ọlọ́gbà dé, ó wo ilẹ̀, ó wò mí.

"Ta ló bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọ mi?"

Mo ní, "Bàbá, ilẹ̀ ni mo gbá."

"Ṣé ọjà lo pe ibí ni? Ewé yẹn ni aṣọ wọn. Oòrùn Ṣakí yìí, ṣé ìwọ lè jókòó sínú rẹ̀ níhòòhò títí di ìrọ̀lẹ́? Lọ kó o padà. Ọwọ́ ni kó o fi tò ó, má fi ẹsẹ̀ gbá a."

Mo fi ọwọ́ tò ó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá lọ sí kíláàsì, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Bàbá kì í na ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju pàṣán lọ. A kò ní ẹ̀rọ omi kankan nígbà náà. Agolo kẹrosíìnì la máa ń fi ìṣó dá lu ní ìdí, a óò pọn omi lódò, a óò máa wọ́n ọn. Ní ọjọ́ kan mo dúró gbọnrangandan, mo ń da omi sórí àwọn róòsì kéékèèké láti òkè. Ó gba agolo lọ́wọ́ mi. "Ṣé òòró ni ìyá rẹ dúró tó fi rọ ọ́ lágbo? Kúnlẹ̀!" Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kúnlẹ̀ bomi rin wọ́n, títí orúnkún mi fi le bí àtẹ́lẹsẹ̀. Títí di òní, bí mo bá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ara mi á kọ́kọ́ rò pé iṣẹ́ yá.

Róòsì kò fẹ́ràn ilẹ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀rùn wa gùn, ọyẹ́ wa a máa bó ènìyàn létè. Bí a bá fẹ́ kí ọ̀kan bí òmíràn, a kì í gé e. A óò tẹ ẹ̀ka kan wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, a óò fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, a óò bò ó ní yẹ̀pẹ̀, a óò sì máa tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi ta gbòǹgbò tirẹ̀ kí a tó já a kúrò lára ìyá rẹ̀. Ẹ̀ka mélòó ni mo dá kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe! Bàbá á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," á sì yí ẹ̀yìn padà kí n má baà rí i pé ó dùn ún.

Lẹ́yìn ọgbà náà, koríko bẹẹrẹ ni, ó lọ títí dé ẹsẹ̀ òkè. Lọ́dọọdún, bí ọyẹ́ bá ti gbẹ koríko tán, àwọn ọdẹ á tiná bọ igbó kí òyà lè sá jáde. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé kí Bàbá tó gbin òdòdó kankan, pèrègún ló kọ́kọ́ gbìn sẹ́yìn ọgbà, ó gbìn ín ní ìlà mẹ́ta tó ki mọ́ra. Omi tí a ń bu fún un kò jẹ́ kí ó gbẹ láéláé. Bí iná bá jó dé ìdí rẹ̀, iná náà yóò rú èéfín, yóò sì kú. "Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó," ni Bàbá máa ń wí bí mo bá ní omi tí a ń bu fún pèrègún ti pọ̀ jù.

Ọ̀tá rẹ̀ mìíràn ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí wọ́n bá ti parí ẹ̀kọ́, tí wọ́n ń dẹrù lọ sílé, wọn á já ẹ̀ka òdòdó, wọn á fi àkísà tútù wé e, wọn á tì í sáàárín aṣọ. Kò sí ohun tó ń bí Bàbá nínú tó bẹ́ẹ̀. Ó mú ọ̀kan ní ọjọ́ kan, Adúkẹ́ ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ẹ̀ka róòsì pupa wà nínú àpótí rẹ̀.

"O wá sílé-ìwé wá kọ́ olè?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́. Ó wù mí ni. Kò sí irú rẹ̀ nílé wa."

"Má dá a padà, máa gbé e lọ. Ohun tí o já báyìí, tí kò ní gbòǹgbò, kò ní hù. Bó o bá gbìn ín títí ayé, kò ní hù."

Ọ̀rọ̀ náà le létí èmi gan-an. Adúkẹ́ nu ojú, ó wọ lọ́rì, ó lọ.

Mo gbéyàwó láàárín àkókò yìí, a bímọ obìnrin. Bàbá Ọlọ́gbà fi àgùntàn ránṣẹ́ sí ìkómọ, òun fúnra rẹ̀ kò wá. Mo mọ ohun tó fà á, n kò sì bi í.

Nígbà tó ṣe, oníwàásí kan wọ Ṣakí nígbà ààwẹ̀. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ṣáà ní pèrègún kò yẹ ilé mùsùlùmí, pé àwọn tó ń bọ òrìṣà ni wọ́n ń fi í ṣọgbà. Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹnu ayé kò ní àgádágodo. Ọ̀rọ̀ tí àwọn obìnrin ti ń sọ lábẹ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n wá ń sọ ní gbangba létí odò. Àṣàbí wá bá ọkọ rẹ̀ nínú ọgbà níṣojú mi. Ó kúnlẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi. Ó ti sú mi. Wọ́n ní àwọn ọmọ wa wà nínú pèrègún yẹn, pé ohun tó ń gbé ibẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n wá."

"Àṣàbí, èmi ni mo gbìn ín. Kò sí ohun tó ń gbé ibẹ̀ àfi alángbá."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ alángbá náà ń kọ́?"

Bàbá yí ojú sí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó ń pọ́n ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ lórí òkúta, ó pọ́n ọn títí n kò fi mọ ohun tó ń pọ́n mọ́.

Ní ọjọ́ kejì ó na àdá sí mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń bọ̀ yìí o."

"Mo mọ ìgbà tí a wà. Ilé-ìwé á ta wáyà síbẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ láti apá ibẹ̀ yẹn."

Èmi ń gé òkè pèrègún, òun fúnra rẹ̀ ń fi ọkọ́ hú gbòǹgbò. Nígbà tó kan ìlà tó gbẹ̀yìn, ó nàró, ó di ìbàdí mú. "Oyèníran, gbogbo ohun tí mo gbìn láyé yìí ló hù, àfi ẹyọ kan. Jẹ́ kí n gbìyànjú eléyìí wò." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa sọ ọ́ sí mi létí. Mo bẹ̀rẹ̀, mo ń gé lọ.

Wáyà dé, wọ́n ta á. Wáyà lè dá ewúrẹ́ dúró, ṣùgbọ́n kí ni iná mọ̀ nípa wáyà? Ọ̀sán gangan ni, lójú ọyẹ́ tó le, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìhà òkè. A ti kọ́kọ́ gbọ́ ariwo àwọn ọdẹ lókèèrè, kò jọ wá lójú, ọdọọdún la máa ń gbọ́ ọ. Àfi bí iná ṣe yọ lórí bẹẹrẹ, tó ga ju orúlé lọ. Ó gba abẹ́ wáyà wọlé bí ẹni wọ ilé ara rẹ̀. Àtíbàbà tí a fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe fún àwọn ọ̀dọ́ òdòdó ló kọ́kọ́ gbà, lẹ́yìn náà ewé gbígbẹ ìdí wọn, àwọn aṣọ tí Bàbá kọ́ mi láti tò. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde pẹ̀lú báàfù àti korobá, wọ́n ń sáré lọ sódò, wọ́n ń sáré bọ̀. Kíláàsì kò jó, ènìyàn kankan kò fara pa. Ṣùgbọ́n òdòdó ọgbà náà, ìyẹn tí ọkùnrin kan fi èwe àti àgbà rẹ̀ gbìn, kò ku ẹyọ kan.

Bàbá dúró sí àárín eérú, agolo ìwọ́nmi wà lọ́wọ́ rẹ̀, omi ń kán láti ìdí agolo náà. Mo súnmọ́ ọn. Kò sunkún. Ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi rín in. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí n kò fẹ́ gbọ́ mọ́ láyé mi. Ó ní, "Èmi ni mo ṣí ilẹ̀kùn fún un." Ó gbé agolo kalẹ̀, ó ń lọ sílé.

Kò wá síbi iṣẹ́ mọ́. Òjò kan rọ̀, òmíràn rọ̀, Àṣàbí kò lóyún. Bí mo bá lọ kí i, ẹ̀yìn ilé ni mo ti ń bá a, ó ń wo ògiri. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí àwọn ẹlẹ́nu ìlú, débi tí n kò lè kí ẹlòmíràn nínú wọn dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Èmi nìkan wà nínú ọgbà pẹ̀lú eérú. Kí ni mo fẹ́ tún gbìn? Kò sí ẹ̀ka kan tí mo lè tẹ̀ wálẹ̀.

Ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì ló gbé mi dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Bí a ṣe ń kọjá níwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, mo rí ohun pupa kan. Mo ní kí awakọ̀ dúró. Róòsì ni, ó ti di igbó, ó gba iwájú kíláàsì kan tán. Mo mọ̀ ọ́n bí ènìyàn ṣe ń mọ ọmọ ilé rẹ̀ láàárín èrò. Mo bi wọ́n pé ta ló gbìn ín. Wọ́n lọ pe tíṣà wá. Adúkẹ́ ni.

Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní kò tán síbẹ̀: gbogbo àwọn tí wọ́n jọ jáde ló já ẹ̀ka lọ. Èyí ń bẹ ní Ìgànná, èyí ń bẹ ní Kíṣí, bí ìjọba bá ṣe pín wọn sí ilé-ìwé ni òdòdó Bàbá ṣe bá wọn lọ. Ó ní, "Ẹ lọ, ẹ̀gbọ́n. Ẹ fi í lé wa lọ́wọ́."

Bí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, wọ́n dé. Agbo ilé Bàbá ni wọ́n gbà lọ, àwọn tíṣà obìnrin, àwọn kan pọnmọ sẹ́yìn, agolo mílíìkì àti ìkòkò fífọ́ lọ́wọ́ wọn, ewé tútù nínú gbogbo rẹ̀. Bàbá jáde wá, ó fara ti òpó. Adúkẹ́ ló ṣíwájú. Ó kúnlẹ̀, ó gbé agolo tirẹ̀ síwájú rẹ̀.

"Bàbá, ó hù."

Bàbá súnmọ́ agolo náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò kan ewé náà, ó yí i, ó wo abẹ́ rẹ̀ bóyá kòkòrò ń jẹ ẹ́.

"Kò ní gbòǹgbò nígbà yẹn. Níbo lo gbìn ín sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ àmù ìyá mi, níbi tí omi máa ń kán sí. Mo kúnlẹ̀ bomi rin ín, sà. Mo máa ń rí yín láti ojú fèrèsé kíláàsì."

"Mo ṣẹ́ èpè fún ọ, Adúkẹ́."

"Bàbá, òbí kì í ṣẹ́ èpè. Ìbáwí ni."

Ibẹ̀ ni ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ iná ti dé. Àwọn ọmọ tí àwọn tíṣà pọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sunkún, ilé rú. Àṣàbí jáde pẹ̀lú omi, ó ń wí pé, "Ẹ kú ìrìn o, ẹ kú ìrìn."

A tún ọgbà náà gbìn. Ọwọ́ mi ló ń ṣe é, ẹnu Bàbá ló ń darí rẹ̀ láti orí àpótí tí a gbé fún un lábẹ́ igi mángòrò. Ohun tó kọ́kọ́ ní kí n gbìn ni pèrègún. Àwọn kan tún fẹ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọlọ́run tó dá mi ló dá pèrègún. Ẹ lọ bi Í léèrè ohun tó fi sínú rẹ̀."

Láti ìgbà náà iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìjọba gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, rọ́bà gígùn dé, kò sí ẹni tó ń kúnlẹ̀ bomi rin òdòdó mọ́ àfi èmi. Ọ̀rá dúdú gba ipò agolo mílíìkì. Oògùn kòkòrò inú páálí gba ipò eérú tí a máa ń kù sí ewé. Ó yá ju eérú lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa labalábá pẹ̀lú. N kò bú àwọn irinṣẹ́ tuntun o. Ẹni tó bá pọn omi lódò láàárọ̀ ọyẹ́ rí kò ní bú rọ́bà. Ohun tí mo ń sọ fún àwọn tí mo kọ́ ni pé kí wọ́n má gbàgbé láti wo abẹ́ ewé, nítorí rọ́bà kò ní ojú. Ẹ̀yin náà, iṣẹ́ yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ wá ọ̀gá tí iṣẹ́ náà ń dùn dé ọkàn. Bí ẹnu rẹ̀ bá tilẹ̀ korò, ẹ fara dà á.

Bàbá Ọlọ́gbà kú ní ọdún tí nǹkan ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n gógó nílùú. Àìsàn náà kò gùn. Ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ni wọ́n gbẹ́ sàréè sí. Wọ́n kírun sí i lára tán, wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Alùfáà àgbà wo àwọn tó dúró yí ká.

"Ọmọ òkú dà? Kí ó wá bu yẹ̀pẹ̀ lé bàbá rẹ̀."

Àwọn mọ̀lẹ́bí Ìsẹ́yìn ń wolẹ̀. Ẹnìkan fẹ́ súnmọ́ Alùfáà láti sọ fún un létí pé kò bímọ. Ẹsẹ̀ mi ti gbéra kí n tó rò ó.

"Èmi nìyí, sà."

Ó mọ̀ mí. Ó mọ ṣọ́ọ̀ṣì tí mo ń lọ. "Oyèníran, ṣé o ti gba ìsìláàmù ni?"

"Rárá, sà. Ọgbà la ti jọ wà."

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ohùn Àṣàbí ló wá láti ẹ̀yìn ògiri, níbi tí àwọn obìnrin wà. "Ẹ jẹ́ kó ṣe é! Ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ẹ fẹ́ gba ìyẹn náà lọ́wọ́ ọkọ mi?"

Alùfáà kúrò lójú ọ̀nà fún mi. Mo kúnlẹ̀ létí sàréè, mo fọ́ ògúlùtu tó wà níbẹ̀ kúnná, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì bu yẹ̀pẹ̀ náà lé e díẹ̀díẹ̀, kò dún. Nígbà tí mo dìde, Bàbá Ràfíù dì mọ́ mi.

Lọ́jọ́ tí a ṣe ọjọ́ mẹ́jọ, mo lọ kí Àṣàbí, tí mo ń pè ní Màámá. Obìnrin kan láti agbolé kejì gbé oúnjẹ wá, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké sí i: "Ìyá Oyèníran! Ìyá Oyèníran, ṣé ẹ wà nílé?" Màámá wo ojú mi, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó sì jẹ́ ìpè náà.